Wọ́n Ní Ìyá Mi Ń Kiri Oúnjẹ ní Ọ̀kà

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Limota tí mo ń sin adìẹ ní Ọ̀kà. Mo ti gbọ́ tiwọn. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìkàrẹ́, nídìí ọkọ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, pé mo gba ìyá mi mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, mo kó o lọ sí Ọ̀kà, mo gbé abọ́ oúnjẹ lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa kiri. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Ẹ gbọ́ mi o. Abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ wà nínú abọ́, ó sì ń gun òkè. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Èyí tó kù ni irọ́, irọ́ burúkú sì ni.

Àsàmáù ni orúkọ ìyá mi. Ìlépá ní Ìkàrẹ́ ni ilé ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló bí wa sí, ọmọ mẹ́fà, àwa mẹ́ta ló kù. Iṣu ló tà jálẹ̀ ayé rẹ̀. Kì í dúró de iṣu lọ́jà, ó máa ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko wọn ni, ní Etioro, ní Ṣosan, ní Ifira, á ra ti ẹ̀bù, á ra ti jíjẹ, á sì tẹ̀ lé e lórí ọkọ̀ wá sílé. Lọ́jọ́ kan ní Ifira, awakọ̀ kan kó ẹrù àwọn ọkùnrin tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ti kún, kí ìyá mi dúró de ọ̀la. Ìyá mi kò bá a jà rárá. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú ọkọ̀, ó jókòó lé e, ó ní, “Ó yá, máa wà á lọ.” Oòrùn ń pa á, ó jókòó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, ó jókòó. Nígbà tó yá, awakọ̀ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ já iṣu àwọn ọkùnrin sílẹ̀. Irú ẹni tó bí mi nìyẹn, nítorí náà bí mo bá ń sọ̀rọ̀ tó dà bí ìjà, ẹ má bínú sí mi.

Yẹ̀kínì ni àkọ́bí wa. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ìyá wa. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló fẹ́ pa á. Nígbà tí bàbá wa kú tí Màmá sì fi òwò iṣu sílẹ̀, Bọ̀dá Yẹ̀kínì ra àga onítìmùtìmù kan, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni kí ìyá òun ti máa jẹun ọmọ. Wọ́n á gbé omi ìwẹ̀ wá bá a. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá a. Omi àlùwàlá gan-an, wọ́n á bu ú wá. Bí ó bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, gbogbo ilé á pariwo: “Háà, Màmá! Ẹ jókòó o! Kí ni aráyé máa sọ?” Ojoojúmọ́, fún ọdún méjì gbáko, ẹsẹ̀ tó ti rìn dé Ṣosan kò rìn kọjá ibi àga dé ibi ibùsùn. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń yin Yẹ̀kínì, wọ́n ń ní, “Ẹ wo bí ó ṣe ń tọ́jú ìyá rẹ̀.” Èmi náà yìn ín. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń dùn mí.

Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn ìyá mi kí n tó gbọ́n. A mọ̀ ọ́n mọ́ ọn ni, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà sínú, tó ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á máa dún fín-ín fín-ín. Òkèlè kì í lọ mọ́ àfi kó fi omi tì í. Gbogbo oṣù ààwẹ̀ ọdún náà, orí ibùsùn ló wà. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́, Bọ̀dá Yẹ̀kínì sì tẹ̀ lé wa.

Dókítà Adébíyìí ló rí wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́tù kan báyìí tí kì í pariwo. Ó fọwọ́ yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó ya fọ́tò ọrùn náà, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà tí èsì sì dé, ó ní abẹ ló máa gbé gẹ̀gẹ̀ náà kúrò. Inú mi dùn. Ló bá tún ní, “Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ yín mọ́ àyà, kí ẹ sì dìde lórí àga tí ẹ jókòó sí.”

Ìyá mi káwọ́ mọ́ àyà, ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí àga. Ó tún gbìyànjú. Kò dìde. Sístà Florence, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, na ìka méjì sí i, ó ní kó fi gbogbo agbára dì wọ́n mú. Ìyá mi dì wọ́n mú. Sístà Florence wo dókítà, ó ní, “Kò lágbára.” Wọ́n gbé e lé ìwọ̀n, kílò mẹ́rìnlélógójì. Ojú ti ìyá mi, mo rí i. Èmi náà, ojú tì mí.

“Màmá,” ni dókítà wí, “ọjọ́ orí yín kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn tó jù yín lọ ti dùbúlẹ̀ lórí tábìlì wa, wọ́n sì ti padà sílé. Ara yín tó ti gbẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà kó dára, kí ẹ̀yin má sì lè dìde lórí ibùsùn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.”

Ó wá sọ ohun tí a ó ṣe. Ẹyin méjì lójúmọ́, ẹ̀wà, ẹja, ohun tó lè mú ẹran ara padà, kí gbogbo rẹ̀ sì rọ̀ kó lè gba ọ̀fun rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀. Kó máa rìn lójoojúmọ́, bí èémí rẹ̀ bá sì fẹ́ gé, kó dúró sinmi. Kó máa dìde, kó máa jókòó, ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, ìgbà mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Kó máa fi páìpù kékeré tí a fi ń fa omi mu fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò omi kí àyà rẹ̀ lè lágbára. Ó ní kí a kó gbogbo oògùn tó ń lò wá, Bọ̀dá Yẹ̀kínì sì tú ọ̀rá dúdú kan lé tábìlì. Oògùn ara ríro kan náà ló wà nínú páálí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti oògùn oorun tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un, láti ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì. Dókítà kó púpọ̀ nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Èyí wà lára ohun tó ń mú un sùn lọ́sàn-án.” Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rà wọ́n, ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni.

“Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé,” ni dókítà wí, “tí ẹ bá lè dìde lẹ́ẹ̀márùn-ún láìfọwọ́ ti àga, tí ẹ sì rìn dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí tí ẹ padà, a ó ṣe é. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó máa fún yín lóògùn, a ó máa wò ó.”

Ìyá mi bi í pé, “Ẹ ó máa wò ó títí yóò fi pa mí?”

Dókítà kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé ká padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdáhùn náà kúkú yé gbogbo wa.

A kò tíì dé ibi ọkọ̀ tí Bọ̀dá Yẹ̀kínì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí, kí wọ́n ní kí arúgbó tí ara rẹ̀ kò yá máa fò sókè sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi, ẹ̀yin èèyàn! Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ẹ tún fẹ́ dúńbú ọrùn rẹ̀? Ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ló máa ṣẹlẹ̀.”

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “Ọlọ́run náà ló dá dókítà.”

“Limota, o máa ń sọ̀rọ̀ jù.”

Ìyá mi fà mí láṣọ. Ó ní, “Limota, nígbà tí a bá délé, kó ẹrù mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀.” Gbogbo ìjà ibẹ̀ kò ṣeé ròyìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ló rí ibi tí ìyá ti ń fi ilé ọmọkùnrin sílẹ̀ lọ sí ilé àna, kí àwọn èèyàn lè máa wí pé òun lé e jáde. Ìyá mi kàn ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

Bí mo ṣe gbé e dé Ọ̀kà nìyẹn. Badmus ọkọ mi, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, Ọlọ́run máa bá mi kẹ́ ẹ. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó kan bẹ́ǹṣì kan tó ga díẹ̀ fún Màmá, ó ní bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń le sí i, òun á máa gé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà kù. Lárààárọ̀ kí n tó lọ sí oko adìẹ, mo ti se ẹyin méjì, mo ti po ògì, mo ti se móínmóín ọ̀sán sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dé. Màmá ń dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò bí ọmọdé tó ń ṣeré, ó ń rìn yí ilé ká. Abọ́ oúnjẹ máa ń ṣófo. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí, mo rò pé ó ń lọ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a padà sí ọsibítù kí wọ́n wò ó. Sístà Florence gbé e lé ìwọ̀n. Kílò méjìlélógójì! Ó ti jò sí i! Sístà Florence wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìyáàfin, ṣé ẹ ń fún Màmá lóúnjẹ?” Èmi! Èmi tí mo ń sin adìẹ tó lé ní igba, tí gbogbo wọn ń sanra, tí mo mọ ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn kò bá jẹun! Ilẹ̀ kò lanu kó gbé mi mì. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, mo pẹ́ díẹ̀ nílé, Ìyá Memunat sì wọlé wá. Opó ni, kò ní ọmọ kan nítòsí, òkè lọ́hùn-ún lẹ́bàá àpáta ni yàrá rẹ̀ wà. Ó kúnlẹ̀ fún mi, àgbà tó tó bí mi! Ó ní, “Limota, Ọlọ́run á bá ọ tọ́jú ọmọ rẹ. Ẹyin tí ò ń fi ránṣẹ́, móínmóín tí ò ń fi ránṣẹ́, n kò mọ ohun tí n bá máa jẹ lọ́sẹ̀ yìí.”

Mo ní, “Èmi? Ta ni mo rán?”

Ó ní, “Ìyá rẹ mà ni. Bí mo bá ti yà kí i lọ́sàn-án, á ní o ní kí n máa gbé e lọ.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sìn ín dé ìta, mo sì padà wọlé. Ẹ dákun, inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo kígbe mọ́ ìyá mi, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Mo ní, “Màmá, kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo fi ebi pa yín ni?”

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lé itan. Ó ní, “Ààwẹ̀ ni mò ń gbà.”

“Ààwẹ̀ wo nínú oṣù yìí?”

“Ààwẹ̀ ọdún tó kọjá. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo jẹ, nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀. Mo ti san mẹ́jọ. Bí mo bá lọ kú sórí tábìlì dókítà, ta ni yóò bá mi san méjìlélógún tó kù? Ìwọ?”

Ó wá yé mi. Mo máa ń gbọ́ ọ tí ó ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, mo rò pé ìrun ló fẹ́ kí, àṣé sààrì ló ń jẹ, ẹ̀kọ tútù kan pẹ̀lú omi. Nírọ̀lẹ́ tí a bá jọ jẹun, òun ń ṣínu ni. Ó ń múra láti kú pẹ̀lú ọrùn tí kò sí gbèsè ààwẹ̀ níbẹ̀, mo sì rò pé ó ń múra láti yè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Òun náà kò bẹ̀ mí. Ó ní, “Sunkún tán, kí o lọ pe Ààfáà wá. N kò ní gbọ́ tìrẹ, ìwọ kò kàwé Lárúbáwá.”

Ààfáà Rájí dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó gbọ́ ti ìyá mi, ó gbọ́ tèmi, ó ní kí n sọ ohun tí dókítà wí. Ó wá ní, “Ìyá, ẹni tí ààwẹ̀ máa ṣe ní jàǹbá, ààwẹ̀ kò sí fún un. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ara yín yóò fi le. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ọjọ́ lè máà dúró, ẹ fún aláìní kan ní oúnjẹ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ jẹ. Ọlọ́run á gbà á. Ẹ tilẹ̀ lè kó oúnjẹ ọjọ́ méjìlélógún náà fún un lẹ́ẹ̀kan.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Ààfáà! Mo máa kó o fún Ìyá Memunat lónìí yìí.”

Ìyá mi ní, “Ta ló jẹ ààwẹ̀, Limota?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Ó dára. Gbé ẹnu rẹ kúrò níbẹ̀.” Ó kọjú sí Ààfáà. “Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni n ó máa san ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni n ó sè é. Èmi ni n ó gbé e lọ. Mo ti jókòó ní Ìkàrẹ́ fún ọdún méjì, wọ́n ń bá mi bu omi àlùwàlá. Èyí, ẹnì kan kò ní bá mi ṣe é.”

Ààfáà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó kù sọ́wọ́ yín.” Mo wo òkè tó wà níwájú ilé wa, mo wo ẹsẹ̀ ìyá mi, ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ̀ lé e. Abọ́ kékeré onídèérí kan ló gbé, ìrẹsì àti ẹja díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Láti ilé wa dé ilé Ìyá Memunat, ìgbà mẹ́sàn-án ló dúró. Mo na ọwọ́ láti gba abọ́ náà, ó gbá mi lọ́wọ́. A lo wákàtí kan ní ibi tí ọmọdé ń sáré dé kí o tó ṣẹ́jú. Nígbà tó dé, ó gbé abọ́ fún obìnrin náà, ó ní, “Ọjọ́ kan rèé.” Ó wá jókòó lórí òkúta, òun àti Ìyá Memunat, wọ́n sì jọ jẹ ẹyin tí mo kó lọ́wọ́, nítorí mo ti ní n kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí mo bá rí i tí ó gbé e mì.

Bí ó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ ó jẹun lójú mi, ẹyin méjì, lójú kòrókòró. Ó dìde, ó jókòó, lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà á bu omi, á lọ ata sí ìkòkò, á máa bú mi pé iyọ̀ mi pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán á gba òkè lọ. Mẹ́sàn-án di méje, méje di mẹ́rin. Badmus gé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan, ó tún gé e. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìlú. Obìnrin àgbà, abọ́ onídèérí lọ́wọ́, lójú pópó, lọ́sàn-án gangan, lójoojúmọ́! Ẹnì kan láti Ìkàrẹ́ kọjá lórí ọ̀kadà, ó rí i, kò sì dúró béèrè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé Ìlépá pé Limota ti ní kí ìyá òun máa kiri oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì gan-an ni Bọ̀dá Yẹ̀kínì gbéra. Ọjọ́ kẹrìnlá oúnjẹ náà ni, mo tètè ti oko adìẹ dé lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ dé ilé wa, ojú ọ̀nà ló ti pàdé wa, Màmá níwájú, èmi lẹ́yìn. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Limota! Ìyá mi! Ìyá mi ni ò ń mú kiri!” Ó dojúbolẹ̀ lórí eruku níwájú Màmá, ó ní, “Màmá, ẹ gbé abọ́ yẹn fún mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé. Ẹ ti dójú tì mí ní Ìkàrẹ́. Kí ni mo ṣe fún yín?” Àwọn èèyàn ti ń jáde síta. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn dá mi dúró.

Ó ní, “Yẹ̀kínì, dìde, o ń ba aṣọ rẹ jẹ́.” Ó dìde. “O fún mi ní àga. O ṣeun. O fún mi ní omi. O ṣeun. Ọdún méjì tí o fi ń ní kí n jókòó, ṣé o rí mi kí n sanra? Ṣé o rí mi kí n lágbára? Dókítà ní kí n dìde, n kò lè dìde. Lójú rẹ ló ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gé nǹkan yìí kúrò lọ́rùn mi. Mo fẹ́ gbé òkèlè mì kí n tó kú. Kúrò lọ́nà.”

“Bí ẹ bá kú sọ́hùn-ún ńkọ́?”

“Ọ̀hún ni mo kú sí nìyẹn! Kì í ṣe orí àga rẹ.”

Kò kúrò lọ́nà. Màmá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń gun òkè lọ pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò dúró ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, mo sì mọ̀ pé ìbínú ló gbé e. Bọ̀dá Yẹ̀kínì wò ó títí ó fi dé òkè. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ padà láìbá mi sọ̀rọ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà pé. Oúnjẹ ààwẹ̀ ti parí ní bí ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, ṣùgbọ́n Màmá kò dá gígun òkè dúró, ó ní Ìyá Memunat ń retí òun. Lọ́sibítù, wọ́n gbé e lé ìwọ̀n, kílò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Dókítà ní kó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó dìde. Ó jókòó. Ó dìde. Sístà Florence ń kà á sókè. Lẹ́ẹ̀kẹrin, orúnkún rẹ̀ gbọ̀n, ó dúró ní àárín méjì, kò ga kò bà. Mo dijú. Mo gbọ́ tí Sístà Florence wí pé, “Ẹ̀rin.” Mo ṣì dijú. “Àrún-ùn!” Mo hó yèè nínú ọsibítù wọn, kí wọ́n tó lé mi jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó sì béèrè bóyá wọ́n tún ní òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, akọ̀wé kan gbé fọ́ọ̀mù wá, ó wo èmi, ó wo Badmus. Ó ní ọmọkùnrin Màmá ńkọ́, ọkùnrin wo ló máa fọwọ́ sí i? Badmus ní àna lòun. Mo ní èmi ni n ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ń ṣiyèméjì.

Ìyá mi ní, “Ọrùn ta ni wọ́n fẹ́ gé?”

“Tiyín ni, Màmá.”

“Gbé ìwé náà wá.”

Ó ní kí dókítà wá kà á fún òun. Dókítà Adébíyìí wá, ó túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, títí kan ibi tó ti ní ohùn rẹ̀ lè há, títí kan ibi ikú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Wọ́n gbé ibùsùn onítáyà wá láti tì í wọ tíátà, ó ní kí wọ́n gbé e padà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ìgbà tí ilẹ̀kùn pa dé ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, n kò lè gbàdúrà, mo kàn ń pe, “Màmá, Màmá.”

Ó jáde láàyè. Lọ́jọ́ kejì, Sístà Florence ní kó dìde, ó dìde. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó gbé ògì mì láìfi omi tì í, ó wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì lè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ há.

Lọ́jọ́ kẹta, Bọ̀dá Yẹ̀kínì dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí. Màmá wà lórí àga lẹ́bàá ibùsùn, báńdéèjì yí ọrùn rẹ̀ ká. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ sílẹ̀ dè é, n kò rí i mọ́.

Ó ní, “Màmá, ẹ forí jì mí. Ọjọ́ tí wọ́n gé yín, n kò lè wá. Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹ máa kú sí. Mo ti mú ọkọ́, mo ti ro ẹ̀gbẹ́ ibi tí Bàbá sùn sí lẹ́yìnkùlé. Mo ti wọn ibi tí a ó sin yín sí.”

Màmá wò ó. Ó ya ẹnu, ohùn rẹ̀ jáde, ó há, ṣùgbọ́n ó jáde.

“O ti ro ó tán?”

“Mo ti ro ó, Màmá.”

“O ti kó pàǹtí ibẹ̀ kúrò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Òjò ti bẹ̀rẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Gbin àgbàdo síbẹ̀.”

Ó gbìn ín. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ló tó jẹ, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sì lọ ya á.